Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Jókòó Jẹun ní Búkà

Nígbà tí ilé oúnjẹ padà ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn òfin kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, garawa tí wọ́n fi táàpù sí nídìí, pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni à ń bá lẹ́nu ọ̀nà búkà káàkiri Èkó àti Ìbàdàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ garawa náà ti gbẹ. Èyí ń kọ mí lóminú gidigidi, nítorí pé inú afẹ́fẹ́ ni kòrónà sábà máa ń gbà ran èèyàn, nígbà tó jẹ́ pé omi àti ọwọ́ tó dọ̀tí ni onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń gbà dé ẹnu wa. Onígbáméjì sì tún ṣọṣẹ́ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024.

Nítorí náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó béèrè irú ẹran tó wà. Bí ó bá jẹ́ abọ́ omi kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà ń ti ọwọ́ bọ̀, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n fi ife bu omi dà sí yín lọ́wọ́, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, títí dé abẹ́ èékánná. Ẹ má fi aṣọ ìnuwọ́ tí gbogbo ayé ń lò nu ọwọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Báàfù méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́. Omi ìṣanbọ́ yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́: bí òróró bá ti léfòó lórí rẹ̀, tí ewédú sì ń yí kiri nínú rẹ̀, abọ́ tó jáde látinú rẹ̀ kò tíì mọ́, pàápàá bí wọ́n bá tún fi àkísà tí wọ́n fi nu tábìlì nù ún.

Ẹ kíyè sí ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ pẹ̀lú. Bí ó bá ń gba owó, tó sì tún ń fi ìka yan ẹran, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ṣíbí mú un.” Mo gbà pé ó sàn ju kí a dákẹ́ níbẹ̀ ká sì máa sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn lọ.

Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbóná gidi. Èyí tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ kò ṣeé jẹ. Àlùbọ́sà àti kábéèjì tútù tí wọ́n gé sórí súyà, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ kò bá mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, bí ikọ́ bá sì ń ṣe yín, ẹ ra oúnjẹ náà lọ sílé.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí ẹ gé orí wọn dọ́gba, mọ́ omi mímọ́ lítà kan, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ sí ilé ìwòsàn.