Bí Mo Ṣe Fi Iyùn Òkun Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìyàtọ̀ Ẹ̀dá ní Òṣogbo

Nínú ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ti SS3, orí kan wà tó dá lórí ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín àwọn ẹ̀dá tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Irú ẹ̀jẹ̀ àti ahọ́n kíká ni àwa olùkọ́ sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ó sì ti sú àwọn ọmọ. Nígbà tí orí náà kàn mí láti kọ́ níhìn-ín ní Òṣogbo, mo pinnu láti lo àwọn iyùn tó ń kọ́ òkìtì sábẹ́ òkun, àti bí ọ̀kan ṣe ń fara da ooru ju èkejì lọ.

Ní ìlú tí Àtáọ́ja wa ti ń wọ iyùn, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo kọ́kọ́ là á yé wọn pé iyùn pupa tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kò sí lára àwọn tó ń kọ́ òkìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹranko ni òun náà. Àwọn tó ń kọ́ òkìtì gba àwọn algae tín-tìn-tín mọ́ra, àwọn wọ̀nyí ló sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè èyí tó pọ̀ jù lọ nínú oúnjẹ wọn. Bí omi bá gbóná jù, ìbágbé yìí a dàrú, iyùn a lé algae jáde, ara rẹ̀ a sì funfun. Kò tíì kú nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ooru náà bá pẹ́, ó lè kú.

Lẹ́yìn èyí, mo ya ìṣirò tí NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, fi ń mọ bí ooru òkun ṣe ń kó jọ tó, sára káádíbọ́ọ̀dù. Wọn a mú ìwọ̀n ooru oṣù tó máa ń gbóná jù lọ níbì kan. Ọ̀sẹ̀ tí omi bá fi 1°C, ó kéré tán, ga ju èyí lọ, wọn a ka àlékún rẹ̀, wọn a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ 29°C, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì jẹ́ 30, 30.5 àti 29.6, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.5, nítorí ọ̀sẹ̀ kẹta kò tó láti kà. Bí àròpọ̀ bá dé 4, a retí kí iyùn máa funfun; bó bá dé 8, ikú ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ṣe ìṣirò náà. Mo wá tẹnu mọ́ ọn pé òkun ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n, kì í ṣe iyùn, àti pé lábẹ́ àròpọ̀ kan náà, ọ̀kan lè kú kí èkejì yè.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù lọ ni Ofu, erékùṣù kan ní American Samoa. Adágún méjì wà níbẹ̀ tí irú iyùn kan tó ń jẹ́ Acropora hyacinthus ń gbé. Nígbà tí omi òkun bá fà, ọ̀kan lè gbóná dé nǹkan bí 35°C, èkejì kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbé iyùn láti ọ̀kan sí èkejì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014: kí ọdún méjì tó pé, èyí tí wọ́n gbé lọ sí omi gbígbóná ti ń fara da ooru sí i, bí ara ẹni tó ń yan gàrí ṣe máa ń mọ́ iná. Síbẹ̀, ipa tí ìmọ́ra yìí kó àti ipa ohun tí kò yí padà nínú iyùn, irú èyí tí a bí mọ́ ọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lójú tèmi, kò sí àpẹẹrẹ inú ìwé wa tó ya nǹkan méjèèjì yìí sọ́tọ̀ kedere tó báyìí.

Àwọn algae náà tún ní ipa tiwọn. Ní Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá ti Australia, iyùn Acropora millepora tó bá pààrọ̀ algae rẹ̀ sí irú Durusdinium lè fara da ooru tó fi 1 sí 1.5°C ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ kan béèrè ìdí tí gbogbo wọn kò fi gba irú algae bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé iyùn tó bá ń gbé e sábà máa ń lọ́ra láti dàgbà.

Nínú ìdánwò, mo bi wọ́n bóyá ọmọ iyùn tí a gbé lọ sí omi gbígbóná yóò jogún ìfaradà tuntun náà. Àwọn tó gba máàkì kíkún ni àwọn tó kọ ọ́ pé gbígbé lásán kò lè fi hàn, àfi bí a bá tọ́ ọmọ iyùn tí a gbé lọ àti ọmọ èyí tí a kò gbé dàgbà nínú omi kan náà, kí a tó fi ooru dán wọn wò.