Àáfà tó gbé tẹ̀súbà: bí mo ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ adrenaline fún àbúrò mi

Àbúrò mi tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kó ìwé wá bá mi ní Táńkẹ̀, n'Ílọrin níbí. Kò yé e bí adrenaline, èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ṣe ń rán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ láì wọ inú rẹ̀. Mo ní kó pa ìwé dé.

Ọ̀rá ló pọ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì, adrenaline kì í sì í ráyè gba inú ọ̀rá kọjá. Ìloro ló ń dúró sí, receptor, ìyẹn protein tó gún awọ náà já, á bá a jíṣẹ́ wọlé. Fóòmù àlòkù ni mo gé ṣe awọ náà, mo wá fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò fa okùn kan kọjá nínú rẹ̀ lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Okùn náà ni receptor. Mo ṣe tán, inú mi ń dùn, àfi bó ṣe ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó, orí òun ìdí okùn, òkè ni méjèèjì wà.” Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fà á! Ẹ̀ẹ̀meje ni ti receptor yìí, kí orí wà níta, kí ìdí wà nínú. Mo tú u, mo tún un fà. Lórí irú receptor bẹ́ẹ̀ ni Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka ṣe gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2012.

Ìdérí ìgò mẹ́ta tí mo fi rọ́bà dè pọ̀ lábẹ́ fóòmù ni G protein, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ receptor nínú sẹ́ẹ̀lì; ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́ta ni alpha, beta, gamma. Mo so ìlẹ̀kẹ̀ méjì mọ́ alpha lọ́rùn, GDP nìyẹn, èròjà kékeré tó ní phosphate méjì; ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún phosphate kan. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Àáfà ti gbé tẹ̀súbà!” N'Ílọrin, kí ni kéèyàn tún sọ?

Bí adrenaline bá ti jókòó, receptor á yíra padà, àáfà wa á ju ìlẹ̀kẹ̀ méjì náà sílẹ̀, á gbé òmíràn tó jẹ́ mẹ́ta, ìyẹn GTP. Kì í ṣe pé wọ́n fi ẹyọ kan kún méjì o. Ibẹ̀ ni èmi gan-an máa ń ṣì nígbà tí mò ń kàwé. Alpha á wá fi beta àti gamma sílẹ̀, á lọ jí adenylyl cyclase, ẹ́ńsáìmù tó ń sọ ATP, èròjà agbára inú sẹ́ẹ̀lì, di cAMP tó ń gbé iṣẹ́ náà kiri inú ilé. Mo da ẹ̀pà yíyan ẹ̀kún ọwọ́ kan sílẹ̀ ní cAMP, kó lè rí i pé adrenaline ẹyọ kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn. cAMP á jí ẹ́ńsáìmù míì, protein kinase A, títí glycogen, ìyẹn ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tò pamọ́, á fi di glucose tó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ni mo fi parí ìyẹn.

“Ta ló wá ń dá a dúró?” Mo na sísọ́ọ̀sì sí i: alpha fúnra rẹ̀ ló ń gé ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò, á ku méjì, á padà sọ́dọ̀ beta àti gamma. Ó gé e, ìlẹ̀kẹ̀ yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kí n tó wá a jáde, ó ti ń jẹ cAMP. Mo ní òun náà ti di phosphodiesterase, torí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn: kó pa cAMP tó bá ṣẹ́ kù run.