Ògiri Tó Ń Bu: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Mú Kí Dúdú Náà Padà Wá

Láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun ògiri yàrá kan ṣoṣo nílé wa ní Adó-Èkìtì. Tí òjò bá ti ń rọ̀ kíkankíkan, àmì dúdú wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́ á yọ lẹ́yìn wọ́dúróòbù. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, á ti tẹ́ rẹrẹ. Mo bínú sí ẹni tó ta ọ̀dà, mo bínú sí pẹ́ńtà. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Ẹbí olú ni ohun dúdú yẹn. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ, inú afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé, kò sí ilé tí kò sí. Omi ló ń wá. Tó bá ti rí omi, eruku ara ògiri àti ọ̀dà ti tó fún un láti jẹ. Ẹ wo búrẹ́dì tí ẹ so sínú ọ̀rá ní gbígbóná, bó ṣe máa ń yára bu. Ògiri tí kì í gbẹ kò yàtọ̀ sí i. Kí ẹ tó béèrè ọ̀dà tí ẹ máa rà, ibi tí omi ti ń wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Kíkun ọ̀dà bò ó

Èyí ló ń jẹ owó jù. Ọ̀dà tuntun kì í pa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, dúdú náà á yọ jáde, tàbí kí ọ̀dà wú, kó sì máa bó bí awọ ara tí omi gbígbóná jó. Pẹ́ńtà wa sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi gúlọ́ọ̀sì lù ú, omi ò ní lè wọlé mọ́." Ọ̀dà tó ń dán ni gúlọ́ọ̀sì. Ó dùn létí, mo sì sanwó. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti wà nínú ògiri, ńṣe ni gúlọ́ọ̀sì ń tì í mọ́bẹ̀, omi náà á sì máa ti ọ̀dà síta. Ọ̀dà tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ògiri bu pàápàá, ìgbà tí omi bá dáwọ́ dúró ló tó wúlò.

Ṣíṣe bí ẹni pé omi kan náà ni gbogbo rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi máa ń gbà dé ara ògiri, ìtọ́jú wọn ò sì jọra.

Omi tó ń ti ilẹ̀ wá máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á gùn dé orúnkún tàbí ìbàdí, kì í sábà ju mítà kan lọ. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun tó ń yọ lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ògiri ló bu. Rárá, iyọ̀ inú sìmẹ́ǹtì àti ilẹ̀ ni. Ẹ wọ́n omi sí i, á yọ́.

Àwa ará Èkìtì ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òkè. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní Ìkéré, àti ní Adó níbí, a máa ń gé ara òkè kí a tó rí ilẹ̀ kọ́lé sí. Tó bá yá, yẹ̀pẹ̀ òkè á máa fara ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Ẹ̀fọ̀n kun yàrá ẹ̀yìn ní gbogbo Kérésìmesì, ọdún mélòó kan ni. Lọ́jọ́ kan, bíríkìlà àgbàlagbà kan wá wo ilé náà. Kò wọ inú yàrá rárá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ. Ó fi ṣọ́bìrì wa yẹ̀pẹ̀ lára ògiri títí ó fi kan ibi tí ilẹ̀ inú yàrá wà, ó sì pe màmá.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Omi ń sun níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Yẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri fi bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju ilẹ̀ tí màmá ń tẹ́ ẹní sí lọ. Wọ́n kó o kúrò, wọ́n gbẹ́ gọ́tà onísìmẹ́ǹtì yí ẹ̀yìn ilé po, wọ́n sì jẹ́ kí ògiri gbẹ ní gbogbo ọyẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Iye tí wọ́n ná sórí gọ́tà yẹn ò tó owó ọ̀dà ọdún méjì.

Omi tó ń ti òrùlé wá rọrùn láti mọ̀. Àmì rẹ̀ máa ń ní etí aláwọ̀ ilẹ̀ bí ìgbà tí tíì dà sí aṣọ, ó sì máa ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò. Ẹ yẹ ìdí ìṣó páànù wò. Tó bá jẹ́ ilé onípárápẹ́ẹ̀tì, tí ògiri yí òrùlé rẹ̀ po, gọ́tà orí ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ewé ló sábà máa ń dí i.

Ẹ̀kẹta ni tèmi: ògiri tó ń làágùn. Igun yàrá, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló fẹ́ràn, kì í sì í ní etí. Bí ẹ bá gbé ìgò omi tútù jáde láti inú fíríìjì, kì í pẹ́ tí omi fi máa bo ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgò náà kò jò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló bọ́ sára rẹ̀ nítorí pé ó tutù. Lẹ́yìn òjò alẹ́, ògiri wa náà máa ń tutù bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ ò bá mọ èyí tó ń ṣe yín, ẹ gé ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ojú tó kọ sí yín bá rin, omi inú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Bó bá jẹ́ inú ló rin, ara ògiri lomi wà. Ìgbà òjò ni kí ẹ ṣe é o, ọyẹ́ ò ní fi nǹkan kan hàn yín.

Títi ilé pa, ká sì máa se omi sínú rẹ̀

Gáàsì tí a fi ń dáná máa ń di omi bó ṣe ń jó. Sílíńdà kílò 12.5 kan, tó bá fi máa tán, á ti tú nǹkan bíi omi kẹ́ẹ̀gì lítà 20 sínú afẹ́fẹ́ ilé. Ẹ ò tíì ka iṣu mọ́ ọn! Ẹni tó bá ti ṣí ìkòkò iṣu iyán nínú kíṣìnì tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì mọ bí gbogbo ibẹ̀ ṣe máa ń di kùrukùru. Ẹ ṣí fèrèsé kíṣìnì, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé. Ìdàkejì ni èmi máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Aṣọ tí a ń sá sí pálọ̀ nígbà òjò náà ńkọ́? Omi tó kúrò lára rẹ̀ ò rìn lọ síbì kan. Bí kò bá síbòmíì, ẹ sá a sí yàrá kan ṣoṣo, kí fèrèsé ibẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Mo sì gbà pé lúfà àtijọ́ sàn ju fèrèsé tí à ń fà sọ́tùn-ún fà sósì lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí wọn ò tilẹ̀ rẹwà. Lúfà kì í tì tán, ìlàjì péré sì ni ti ìsinsìnyí máa ń ṣí. Bulọ́ọ̀kù oníhò tó wà lókè fèrèsé ilé àtijọ́ ńkọ́? A fi sìmẹ́ǹtì dí i nítorí ẹ̀fọn. Nẹ́ẹ̀tì ì bá ti tó.

Ẹ fa wọ́dúróòbù àti bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Bílíìṣì, àti gbígbá a ní gbígbẹ

Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbo dúdú náà, ẹ ó kàn máa fọ́n irúgbìn rẹ̀ káàkiri ni. Ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́ kí ẹ tó gbo ó, ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì ju àkísà náà nù. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée (ásímà) má ṣe é rárá.

Bílíìṣì dára lórí táìlì. Lórí ògiri tí a rẹ́, omi inú rẹ̀ á wọlé lọ, agbára rẹ̀ á sì kù síta. Ògiri á funfun, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní kú. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí ohun tí a fi ń fọ ṣáláńgá láé. Atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ha ọ̀dà tó ti wú kúrò, kí ẹ sì ní sùúrù. Ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gba ọ̀dà. Ìkánjú Kérésìmesì kì í jẹ́ ká gbọ́: a rẹ́ ẹ lọ́jọ́ 10, a kùn ún lọ́jọ́ 20, nítorí àlejò ń ti Èkó bọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ilé ni, tí omi sì ń ti ilẹ̀ tàbí òrùlé wá, iṣẹ́ onílé nìyẹn, ẹ má fi owó ọ̀dà yín bò ó fún un. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an. Tí ẹ bá dúró di ìgbà ọyẹ́, ògiri á ti gbẹ táútáú, onílé á sì ní òun ò rí nǹkan kan.