Omitooro Eegun: Oore Tó Ń Ṣe Lára àti Bí A Ṣe Ń Sè É Láìséwu

Bí ẹ bá pa ẹran tàbí tí ẹ rà á, ẹ má ju eegun rẹ̀ nù. Oúnjẹ ṣì kù lára rẹ̀, omi àti iná jẹ́jẹ́ ló ń fà á jáde. Omitooro rẹ̀ dára fún àgbà tí eyín rẹ̀ kò ṣe dáadáa mọ́ àti fún ẹni tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn tí wọ́n ń fún un ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó lè ṣe lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn fi oúnjẹ gidi du ara rẹ̀.

Kọ́lájínì ni olórí ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn purotéènì tó di awọ, iṣan àti oríkèé mú. Bó bá pẹ́ lórí iná, á yọ́ di jẹ́látìnì. Ẹ bu omitooro sínú abọ́, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Lówùúrọ̀, ọ̀rá á ti dì bo ojú rẹ̀. Ẹ fi ṣíbí ká a kúrò: bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tí ẹ bá mi abọ́ náà, jẹ́látìnì nìyẹn. Bí kò bá dì, ó lè jẹ́ pé omi pọ̀ jù, tàbí pé eegun náà kò ní oríkèé àti awọ tó. Ẹsẹ̀ àti ọrùn adìẹ, orúnkún àti ìrù màlúù ló dára jù.

Jẹ́látìnì kì í ṣe purotéènì tó pé o. Kò ní tryptophan, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara kò lè dá ṣe. Nítorí náà, ẹ fi se ẹ̀wà, tàbí kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹyin, ẹja tàbí ẹran. Kì í sì í ti ọ̀fun lọ tààrà sí orúnkún tó ń dunni. Ikùn àti ìfun á kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ sí wẹ́wẹ́, ara á wá lò ó síbi tó bá ti nílò rẹ̀.

Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, ńkọ́? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Inú eegun ló ń kù sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bọ́ sínú omi, kódà bí a bá da fínígà sí i. Mílílítà 250 wàrà ní nǹkan bíi mílígíráàmù 300, omitooro kò sì súnmọ́ ọn rárá. Ẹja kéékèèké tí a lè jẹ teegun-teegun sàn jù ú lọ fún aláboyún àti ọmọ tó ń dàgbà.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọyàn nìkan. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fún un ní omitooro lásán, torí á yó láìrí okun. Ẹ fi po oúnjẹ tó ki. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí gout (àrùn tó ń mú oríkèé wú, tó sì ń dunni) gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu ún.

Sísè rẹ̀

Ẹ da omi tútù bo eegun, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ ré ìfófòó rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá dín iná kù. Ti adìẹ gba wákàtí 4 sí 6, ti màlúù 8 sí 12; ìṣẹ́jú 30 sí 45 ti tó fún ẹja. Ìparí ni kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, níwọ̀nba, torí gíráàmù 5 lójúmọ́ nínú gbogbo oúnjẹ ni àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Kòkòrò anthrax, àrùn tó ń pa ẹran àti ènìyàn, lè wà lára rẹ̀, omi híhó lásán kì í sì í tètè pa á.

Ohun tó ń fa ewu jù ni fífi ìkòkò sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú. Àwọn kòkòrò kan ń la híhó já, wọ́n sì ń bí sí i bí omi bá ti ń tutù. Ẹ pín in sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3 sí 4, kí ẹ sì máa gbé e hó kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní fíríìjì, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ti sùn síta, ẹ dà á nù. Gbígbé e hó kò lè mú gbogbo májèlé inú rẹ̀ kúrò.

Ẹ má fi eegun tó ti jinná fún ajá, torí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú. Ẹ sá eegun náà kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ oko, torí phosphorus, èròjà ajílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́.