Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Wá Ìmọ̀ Lórí Ayélujára Lẹ́yìn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yìn tí ìtọ́jú bá parí gan-an ni ìbéèrè máa ń pọ̀. Dókítà tí ẹ ń rí léraléra ti ní kí ẹ lọ sinmi, ó sì ku ẹ̀yin àti fóònù láàárín òru.

Kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín lọ́wọ́ dókítà: irú jẹjẹrẹ náà, ibi tó dé nínú ara, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n tan ìtànṣán sí. Ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó kàn yín àti èyí tí kò kàn yín. Ẹni tó gba doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ kan, ní láti mọ̀ pé ó lè ṣe ọkàn lọ́ṣẹ́, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò gbà á, kí ló fẹ́ fi ìyẹn dààmú ara rẹ̀ sí?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkànnì National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà tàbí Macmillan Cancer Support ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbòmíràn, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tó kọ ọ́. Bó bá ń ta oògùn mọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀, ẹ jáde níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí iye àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà ti gba ìtọ́jú tipẹ́, kí àwọn oògùn tuntun kan tó dé. Kì í ṣe ara tiyín ni wọ́n kà. Bí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ fò ó.

Kí kálukú kọ ìbéèrè tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jọ jókòó. Ọ̀kan lè kọ ọ́ pé, “Kí ló dé tó ṣì ń rẹ̀ mí báyìí?” Kí èkejì kọ ọ́ pé, “Ibo ni mo lè fọwọ́ kàn tí kò ní dùn ún?” Àárẹ̀ yẹn lè pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ oṣù, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ara tó gbẹ, nǹkan ọkùnrin tí kò dìde bíi ti tẹ́lẹ̀, ìrànlọ́wọ́ wà fún wọn, ẹ má tijú láti wá a. Alábàárò náà ní ẹ̀rù àti àìsùn tirẹ̀, kó wá ìmọ̀ fún ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ lọ bá dókítà kí ẹ tó fi oògùn kankan kún un. Paroxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè dín agbára tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọmú, kù. Ṣùgbọ́n bí kókó tuntun bá yọ, tàbí èémí kò délẹ̀ dáadáa, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.