Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa àyọkà mi rẹ́

Mo kọ àyọkà kan sórí Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa bàbá onísákárà kan nílùú wa tó ti dolóògbé. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣí i láàárọ̀, mo bá àpótí gbọọrọ kan lókè rẹ̀: ẹnìkan ti dábàá pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ó dùn mí wọra. Díẹ̀ ló kù kí n yọ àpótí yẹn dànù kí n tó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ọ́ títí ìjíròrò lórí bóyá kí wọ́n pa á rẹ́ yóò fi parí. Ọjọ́ 7 ló sì máa ń gbà, ó kéré tán.

Èyí tó tún wá sí mi lọ́kàn burú jùyẹn lọ: kí n ju líǹkì sórí WhatsApp ọmọ ìlú wa, kí gbogbo wọn wá kọ "Keep", ìyẹn ni pé kí àyọkà náà dúró. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló dá mi lẹ́kun. "Wọn kì í ka ìbò níbẹ̀ o. Bí ogún èèyàn tí ò ṣàtúnṣe kankan lórí Wikipedia rí bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni ò ní mọ̀ pé ìwọ lo kó wọn wá?"

Mo wá fara balẹ̀ ka ẹjọ́ tí ẹni tó dábàá náà rò. Kò bú mi. Ó ní nínú ìtọ́kasí mẹ́rin tí mo fi sí i, méjì jẹ́ búlọ́ọ̀gù, ìkẹta jẹ́ Facebook ọmọ bàbá, ìkẹrin kàn dárúkọ bàbá lẹ́ẹ̀kan péré. Òótọ́ ni, kí n má parọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí ẹni tí kò bá bàbá tan ti kọ̀wé tó jinlẹ̀ nípa wọn.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí mò ń sín nítorí eruku. Daily Sketch, ìwé ìròyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1964, ló yọ mí: odidi ojú ewé kan lórí bàbá àti gòjé wọn. Mo fi í kún àyọkà náà, mo sì yọ gbogbo oríkì tí mo ti kì sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé bàbá ò tó bẹ́ẹ̀ o. Ibi oríkì kọ́ nibẹ̀.

Mo kọ̀wé síbi ìjíròrò: "Keep. Èmi ni mo kọ àyọkà yìí. Mo ti fi ìtọ́kasí tuntun sí i, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un wò." Mo fi àmì ~~~~, tó máa ń di orúkọ ẹni tó kọ̀wé, buwọ́ lù ú. Nígbà tó yá, mo tún kọ "Keep" lẹ́ẹ̀kejì, ni wọ́n bá rán mi létí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń kọ ọ́. N kò pa á rẹ́, torí èèyàn ti fèsì sí i. Ìlà ni mo fà á já láàárín.

Wọ́n sún ìjíròrò náà síwájú lọ́sẹ̀ kan sí i. Ẹnìkan tó ti kọ "Delete", pé kí wọ́n pa á rẹ́, fàlà sí tirẹ̀ náà, alámòójútó sì dájọ́ pé kí àyọkà náà dúró. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó dábàá ìparẹ́ wọlé, ó tún ọdún kan tí mo ṣì kọ ṣe nínú ìpínrọ̀ kejì. Mo kọ "ẹ ṣeun" sójú ewé ọ̀rọ̀ rẹ̀.