Ẹ ṣọ́ra fún "loose end" nínú lẹ́tà wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ká tó kọ lẹ́tà sáwọn èèyàn wa ní London lórí ìnáwó Ojúde Ọba, tá a bá fẹ́ sọ pé ó ku nǹkan kéékèèké tá a máa parí, bíi báláǹsì télọ̀ àtowó àga tá a yá, "we are tying up loose ends" ló yẹ. Ẹ má kọ "we are at a loose end" o, ìyẹn ni pé a kàn jókòó, a ò ríṣẹ́ ṣe, (àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ pé "at loose ends"), ó sì máa dun èmi gan-an tí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀ nípa regbẹ́regbẹ́ wa. Aṣọ ọdún tó ń bọ̀ tá ò tíì fẹnu kò lé lórí ńkọ́? "Still up in the air" ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.